Odò Kò Dé Ogidi

Ohun tí Ọláwùmí rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n kò lè mu tíì ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó gbé ife náà kalẹ̀. Ó pa gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlà náà tún yọ síbi tó ti yọ tẹ́lẹ̀, ó dá dúró láàrin ariwo bí igi ọ̀pẹ láàrin pápá.

Adélékè ti kú láti ìgbà tí omi kún. Odò Ọya ló gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn wí. Wọ́n ti kírun sí i lára láìrí òkú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe opó, ó ti jáde opó. Ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, títí di àná ló sì ń sọ̀rọ̀.

Ẹnjiníà ni Ọláwùmí. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé e láti Ìbàdàn wá sí Onitsha, iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn sì ni láti máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ rédíò, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń lò ó láìgbàṣẹ. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló ń gbọ́ràn fún wọn, tó sì ń gba ohun tó gbọ́ sílẹ̀: ọ̀kan lórí òrùlé ọ́fíìsì, ọ̀kan ní Asaba lódìkejì odò, ọ̀kan ní Nkpor. Nàfísàt, ìyàwó Adélékè, ló máa ń di irun fún un ní Okpoko, létí odò. Lọ́jọ́ tí Nàfísàt kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn opó, bó ti ń ya irun Ọláwùmí ló bi í ní ìbéèrè kan.

“Àǹtí Wùmí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rédíò. Jákẹ́ẹ̀tì odò tí ilé iṣẹ́ wọn fún Bàbá Mùjídàt, èyí tí kò yẹ kó jẹ́ kéèyàn rì, ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá sọnù, ẹ̀rọ náà á máa sọ ibi tó wà. Kí ló dé tí tiẹ̀ ò sọ̀rọ̀?”

“Omi ni,” Ọláwùmí dá a lóhùn. “Omi tó jìn máa ń gbé ohùn rédíò mì. Bó bá wà nísàlẹ̀ odò, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.”

“Ẹ bá mi wò ó, bóyá ó tiẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí omi tó gbé e mì.”

Nítorí ẹ̀bẹ̀ yẹn ni Ọláwùmí ṣe tú ohun tí ẹ̀rọ wọn ti gbà sílẹ̀ láti ìgbà ìjàǹbá náà. Páálí tí jákẹ́ẹ̀tì náà bá wá ṣì wà nílé Nàfísàt, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni Ọláwùmí fi mọ bí igbe jákẹ́ẹ̀tì náà ṣe yẹ kó rí, igbe tí kò gùn tó ìṣẹ́jú ojú, tí ẹ̀rọ náà yóò máa ké lóòrèkóòrè títí bátìrì rẹ̀ á fi tán, èyí tó lè tó ọdún kan. Ohun tó ń wá ni igbe bíi mélòó kan lọ́jọ́ ìjàǹbá, kó lè rí nǹkan sọ fún opó náà. Ohun tó rí ni igbe tí kò tíì dákẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, pé omi máa ń gbé ohùn rédíò mì. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń sọ̀rọ̀ kò sí nínú omi.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ Nwokedi ló wádìí ikú Adélékè nígbà náà. Ọmọ Obosi ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í tètè dìde lórí àga. Pijin lòun àti Ọláwùmí jọ máa ń sọ.

“Madam, na water carry that man,” ó wí. “We don close am.”

“Oga, if na water carry am, this thing no for dey talk.”

Ó jẹ́ kí Nwokedi gbọ́ ohùn tó ń ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Nwokedi tẹ́ etí sílẹ̀ títí. Ariwo lásán ló gbọ́, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù lókèèrè.

“I no hear anything.”

Ọláwùmí ṣàlàyé fún un pé kò sí etí ọmọ aráyé tó lè gbọ́ ọ. Ó ní kó wò ó bí ẹni pé ọmọ kan dúró láàrin Ọjà Ńlá lọ́jọ́ tí ọjà kún, tó ń pe ìyá rẹ̀. Alágbàárù ń pariwo, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Èèyàn ò ní gbọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ bó ṣe máa ń pe ìyá rẹ̀ gan-an, tí kì í sì í yí ìpè náà padà, a lè gba ariwo ọjà sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí a máa gbé ìpè tí a mọ̀ yẹn tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a wo ibi tí méjèèjì ti bára mu, kí a wá ro gbogbo ìbáramu náà pọ̀. Ariwo kì í jọra láti ọjọ́ kan sí èkejì. Tòní á gbé àròpọ̀ náà sókè, tọ̀la á fà á wálẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Ìpè ọmọ náà nìkan ni yóò máa ga sí i, bó ti wù kó kéré tó.

Nwokedi wo ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. “And you sure say na this pikin?”

“I sure.”

“Where him dey?”

Ìyẹn ni ẹ̀rọ mẹ́ta wà fún. Ohùn rédíò yára púpọ̀, síbẹ̀ kì í dé ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọláwùmí ti fi ìyàtọ̀ kékeré yẹn wá ọ̀nà lọ, ó sì ti rí ibi tí ọ̀nà náà já sí.

“Relief Market,” ó wí.

Nwokedi dìde lórí àga.

*

Ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja ni. Blessing ni orúkọ obìnrin tó ni ín, ó sì ń lọ́ wáyà mọ́ ìdí firísà kan nígbà tí wọ́n wọlé. Nwokedi ní kó ṣí firísà. Obìnrin náà ṣí àkọ́kọ́, ó ṣí èkejì. Ọláwùmí wo bí èéfín yìnyín ṣe ń rú jáde nínú ẹ̀kẹta, èyí tó tóbi jù, tó gùn tó àgbà ọkùnrin. Kó tó kúrò ní ọ́fíìsì, kò rò ó rárá pé òkú ni wọ́n lè bá.

Ẹja ló kún inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀.

“Oga, wetin una dey find?” Blessing béèrè.

Ọláwùmí ti rí i. Ohun kékeré funfun kan lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí firísà náà, kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Blessing ní ẹ̀rọ tó ń wo òtútù ni, pé bí iná bá lọ, tí ẹja fẹ́ bàjẹ́, ẹ̀rọ náà á sọ fún fóònù òun.

Wọ́n padà sínú ọkọ̀, Nwokedi tan ẹ́ńjìnnì. “So na fish dey call us,” ó wí, ó sì wakọ̀ lọ.

Ojú ti Ọláwùmí, ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn ló ṣí i lójú. Irú ẹ̀rọ kékeré báwọ̀nyí, bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìkíni kan náà ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ kí oníkálukú tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ìkíni yẹn nìkan ni Ọláwùmí gbé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ariwo, nítorí pé ó rọrùn láti rí. Ó dà bí ẹni tó ń wá ẹnì kan ṣoṣo nínú ọjà, tó wá ń dá gbogbo ẹni tó bá wí pé “ẹ káàárọ̀” dúró.

Lọ́tẹ̀ yìí ó fi gbogbo igbe náà wá a, ìkíni àti nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ ṣe. Ó hùmọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà tí kò sí jákẹ́ẹ̀tì kankan tó ń jẹ́ ẹ, ó sì fi ọ̀nà kan náà wá wọn, kó lè mọ bí ariwo lásán ṣe lè ga tó bó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ga. Ti Adélékè ga ju gbogbo wọn lọ fíìfíì.

Ìpè Relief Market ti parẹ́. Èyí tó ṣẹ́kù tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, kò sì sún mọ́ odò rárá. Ogidi ló ti ń wá, lẹ́yìn ọjà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìkọ́lé.

Ọláwùmí padà sí ọjọ́ ìjàǹbá. Igbe àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láti Ogidi gan-an. Ó lágbára nígbà yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó rẹlẹ̀ lójijì, bí ìgbà tí wọ́n bá da nǹkan wúwo bo ẹnu ẹni tó ń pariwo, kò sì tún ga mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó gbé fóònù, ó pe Nwokedi, ó sì sọ fún un bí ohùn náà ṣe rẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

*

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà, Àmínù, tó ń bá Adélékè di okùn ọkọ̀ ojú omi tó fi ń wọn bí odò ṣe jìn tó. Òun ló sọ fún ọlọ́pàá pé ojú òun ni ọkọ̀ ṣe dojú dé. Wọ́n pè é wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Yorùbá ni Ọláwùmí bá a sọ.

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà nínú ọkọ̀?”

“A jọ wà níbẹ̀, mà.”

“Jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn Adélékè?”

“Ó wà lọ́rùn rẹ̀.”

“O rí i tó rì?”

“Mo rí i, mà. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi ò tó o.”

“Àmínù, jákẹ́ẹ̀tì yẹn wà ní Ogidi. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti wà níbẹ̀.”

Àmínù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. “Ogidi kẹ̀?” Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó wo Nwokedi, ó tún wo Ọláwùmí, ó sì rọra fi ara lé ògiri títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“N kò sí nínú ọkọ̀ náà,” ó wí. “N kò sí níbẹ̀, mà. Ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ ló ní Adélékè dá ọkọ̀ wà jáde láìgbàṣẹ, omi ti gbé e, wọ́n ti rí ọkọ̀ tó dojú dé. Ẹ̀gbọ́n ní táwọn ọ̀gá Èkó bá gbọ́ pé ó dá nìkan jáde, wọn ò ní fún ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ pé a jọ wà níbẹ̀ ni. Mo rò pé mò ń ran ìyá ọmọ náà lọ́wọ́.”

“So you lie give me,” Nwokedi wí nígbà tí Ọláwùmí túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àmínù fi ọwọ́ bo ojú. Ó ń sunkún.

Ọláwùmí mọ ẹ̀gbọ́n Táyọ̀. Olútáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, òun sì ni máníjà ilé iṣẹ́ tí Adélékè ti ń bá wọn wa yanrìn nínú odò. Òun ló mú Adélékè wá sí Onitsha láti ìlú wọn. Òun ló ṣáájú gbogbo ará Yorùbá tó wá bá Nàfísàt dárò, òun ló sì ń gbé ìrẹsì àti òróró wá fún un láti ìgbà náà. Ọláwùmí ti bá a ní ṣọ́ọ̀bù Nàfísàt rí, tó gbé Mùjídàt sí èjìká. Ọmọ náà ń fà á ní etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

*

Wọ́n bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ létí odò. Ọláwùmí ti sọ fún Nwokedi kó má dárúkọ Ogidi, kó má sì sọ pé jákẹ́ẹ̀tì ń sọ̀rọ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó,” Olútáyọ̀ wí. Ó ní kí wọ́n gbé omi wá.

“Ẹ ṣeun, sà. Nàfísàt ló rán mi. Ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wá ọkọ rẹ̀ dáadáa.”

Olútáyọ̀ mí kanlẹ̀. “Kò jẹ̀bi. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, èmi náà á béèrè. Ẹ bá mi sọ fún un pé kò síbi tí a ò wá a dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn jákẹ́ẹ̀tì, èmi gan-an ni mo gbé e lọ́wọ́. Mo gbé e gba ìsàlẹ̀ afárá, mo gbé e gba gbogbo etí omi Okpoko. Mo tiẹ̀ gbé e dé Ogidi. Ariwo lásán ló ń ṣe, mà. Kò sọ nǹkan kan.”

“Ẹ gbé e dé Ogidi?”

“Ibi gbogbo ni mo gbé e dé.”

“Odò kò dé Ogidi, sà.”

Fáànù òkè àjà ń yí. Obìnrin tó gbé omi wá gbé e kalẹ̀, ó sì jáde. Olútáyọ̀ wo ife omi náà.

“Mo lọ ra irin níbẹ̀,” ó wí. “Ẹ̀rọ náà wà nínú ọkọ̀ mi.”

“Ẹni tó lọ ra irin kì í tan ẹ̀rọ láti fi wá ẹni tó rì sódò.”

Nwokedi fara súnmọ́ tábìlì. “Oga Manager, you get property for Ogidi?”

“Small store.”

“When you cast the floor?”

Olútáyọ̀ gbé omi náà. Ó tún gbé e kalẹ̀ láìmu ún.

*

Ọ̀sán ni wọ́n fọ́ kọnkéré náà, nínú ilé ìkẹ́rùsí tuntun Olútáyọ̀ ní Ogidi, tí òrùlé rẹ̀ ò tíì pé. Ọyẹ́ ti kó eruku bo gbogbo páànù. Ẹ̀rọ ìfọ́kọnkéré dún títí, ó dákẹ́, ó tún dún. Olútáyọ̀ dúró láàrin ọlọ́pàá méjì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti inú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó bi í mọ́.

Ó ní Adélékè ti wọn bí odò ṣe jìn tó létí Okpoko, ó sì rí i pé yanrìn tí wọ́n ń wà ti ń jẹ ìdí ilẹ̀ lọ sábẹ́ ilé àwọn èèyàn. Adélékè ní òun máa sọ fún àwọn ará Okpoko kí omi tó kún dé ọ̀dọ̀ wọn. Olútáyọ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi di pé wọ́n di ara wọn mú.

“Mo kàn tì í ni,” ó wí. “Orí rẹ̀ lu irin. Kò mí mọ́. Ó ti kú kí n tó gbé e wá síbí, mo fi Allah tí Adélékè ń sìn búra fún yín. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ ibí sílẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré. Mo fi yanrìn bò ó, mo sì lọ dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé lórí odò. Ó ti kú.”

Ẹni tó ń fọ́ kọnkéré dúró. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan yọ nínú yanrìn.

Nwokedi sọ nǹkan kan lábẹ́ ẹnu ní èdè Igbo, ó sì yí ojú padà. Ọláwùmí fẹ́ yí tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òun ló mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń wá, òun ló sì gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn wọ́n. Ó kúnlẹ̀ létí ihò náà. Nọ́ńbà náà bára mu. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lọ́rùn jákẹ́ẹ̀tì.

Ìgbà náà ló rí ọwọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti rò pé omi ló ń jí irú ẹ̀rọ yìí, bó ti rí nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, pé ọ̀rinrin yanrìn ló jí i. Èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Pín-ìnnì kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹni tó bá wọ jákẹ́ẹ̀tì ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà yọ kí ẹ̀rọ náà tó lè ké. Wọ́n ti fà á yọ. Okùn pín-ìnnì náà lọ́ mọ́ egungun ìka ọwọ́ Adélékè.

Ọláwùmí rántí ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà. Ibí gan-an ni igbe àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n da kọnkéré.

Ó dìde, ó yíjú sí Olútáyọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Ẹ ní ó ti kú kí ẹ tó gbé e wá síbí.”

“Ó ti kú, mà.”

“Ta ló wá fa okùn?”

Olútáyọ̀ wo inú ihò náà. Ó wò ó pẹ́. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì mú un padà sínú ọkọ̀. 

*

Nàfísàt ti gbọ́ pé wọ́n rí ọkọ rẹ̀ kí Ọláwùmí tó dé Okpoko. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Nwokedi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà.

“Ndo, nne,” ó bá a kẹ́dùn ní èdè Igbo.

Nàfísàt mi orí sí i. “Àǹtí Wùmí, ẹ̀gbọ́n Táyọ̀ gbé ọmọ mi jókòó sórí ẹsẹ̀ níbí yìí ní ọjọ́ Jímọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé Bàbá Mùjídàt tètè kú?”

Ọláwùmí ti to irọ́ kan sílẹ̀ láti Ogidi, irọ́ tó dára. Ṣùgbọ́n wọ́n máa sọ òtítọ́ náà nílé ẹjọ́ níwájú gbogbo èèyàn, obìnrin yìí á sì jókòó níbẹ̀. Ó di ọwọ́ Nàfísàt mú, ó sì sọ fún un.

Nàfísàt kò pariwo. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn. 

“Ẹ̀rọ yẹn, ó ṣì ń pè?”

“Bátìrì rẹ̀ ò tíì tán. Ó wà ní àgọ́ ọlọ́pàá.”

“Ẹ mú mi lọ síbẹ̀.”

Ní àgọ́, Nwokedi ní ẹ̀rí ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nàfísàt kò bá a jiyàn. Ó kàn dúró síwájú tábìlì. Nwokedi wò ó, ó wo Ọláwùmí, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ṣí dúrọ́ọ̀. Ó ya fọ́tò ẹ̀rọ náà bó ṣe wà, pín-ìnnì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́.

Iná pupa náà ṣẹ́jú. Nàfísàt wá ihò pín-ìnnì náà pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ti pín-ìnnì padà wọlé, ó sì di ẹ̀rọ náà mú nínú ọwọ́ méjèèjì títí ó fi dájú pé kò ní ṣẹ́jú mọ́.

“A ti gbọ́, Bàbá Mùjídàt,” ó wí. “A ti gbọ́.”